Bí Mo Ṣe Wá Àjẹyó Lọ Nítorí Ìkòkò Ẹ̀kúnwọ́

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó ti agbada garí wọ̀nyí, ẹ dín iná kù díẹ̀, nítorí ẹni tó bá gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kò ní rántí ro garí mọ́. Èmi Ọdẹ́sànyà nìyí, ọmọ Ọdẹ́tọ́kun. Èmi ni mo bá ẹfọ̀n jà létí omi tí ẹfọ̀n fi ìwo rẹ̀ kan sílẹ̀ sá lọ. Èmi ni iwin olórí mẹ́ta kúnlẹ̀ kí lẹ́ẹ̀mẹta, tí orí kọ̀ọ̀kan kúnlẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Sìfáwù tó ń fi àfọ́kù igbá ro garí níbẹ̀ yẹn ti ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Orí ló kúnlẹ̀, Bàbá? Orí wá ní orúnkún?"

Ọmọ yìí, iwin ni mo pè é, n kò pè é ní ẹ̀gbọ́n rẹ. Jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Ìtàn tòní kì í ṣe ìtàn akin. Mo ti sọ ti akin fún yín títí ó fi sú yín. Tòní, ẹ̀bi mi ni mo gbé wá.

Ní ọdún tí tata bo oko wa, tí wọ́n jẹ ewé ẹ̀gẹ́ tán tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ igi rẹ̀, ìyà jẹ ìlú wa. Àwẹ̀ró ni orúkọ ìyàwó mi. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí à ń pè ní ọwọ́ obìnrin, ọwọ́ Àwẹ̀ró ló yẹ kí ẹ rí lọ́dún náà. Èèpo iṣu tí àwọn mìíràn ń dà fún ewúrẹ́, yóò fọ̀ ọ́, yóò sá a, yóò gún un, yóò sì kù ú di èlùbọ́. Orí ẹja kan ṣoṣo, ọbẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta ni. Lọ́jọ́ kìíní, orí ẹja ni; lọ́jọ́ kejì, ó ti fọ́ sínú gbúre; lọ́jọ́ kẹta, egungun rẹ̀ ti kúnná mọ́ irú, a ó sì máa lá ọwọ́ bí ẹni jẹ ẹran. Omi orí ògì pàápàá kì í dà á nù. Òun ni à ń mu láàárọ̀ kí ebi tó jí.

Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ. Ẹfúnyẹmí ni orúkọ ìyá náà, ṣùgbọ́n Yèyé ni gbogbo wa ń pè é. Òjò wó ilé Yèyé, ìgbàgbé sì ti ń mú un díẹ̀díẹ̀, ni a bá mú un wá sọ́dọ̀ wa. Òun ló ni àṣà ẹ̀kúnwọ́. Ìgbàkígbà tí Àwẹ̀ró bá wọn garí tí a ó jẹ, kí omi tó kàn án, yóò bu ẹ̀kúnwọ́ kan níbẹ̀, yóò sì dà á sínú ìkòkò kan ní kọ̀rọ̀ ilé ìdáná. Yóò da àwo dé e, yóò gbé òkúta lé e.

Yèyé a máa wí pé, "Ẹ̀kúnwọ́ yìí kì í ṣe tiwa. Ti ọjọ́ tí kò sí ni."

Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án títí di ọjọ́ tí àpò garí bá gbẹ pátápátá.

Ẹ̀yin èèyàn mi, èmi fọwọ́ kàn án.

Àwọn ẹran ti sá kúrò nínú igbó wa lọ́dún náà, mo sì ń lọ sóko ọdẹ ní àfẹ̀mọ́júmọ́ pẹ̀lú inú òfìfo. Ọ̀nà ilé ìdáná ni mo ń gbà jáde. Lọ́jọ́ kan mo gbé òkúta kúrò, mo ṣí àwo, mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan sínú àpò ọdẹ mi. Mo ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Nígbà tí mo dé etí odò, mo rẹ garí náà, mo mu ún, ara mi sì yá gágá. Lọ́jọ́ kejì mo tún bù ú. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ọwọ́ Àwẹ̀ró kéré, ọwọ́ tèmi sì tóbi: ẹ̀kúnwọ́ mi kan, mẹ́ta tirẹ̀ ni. Ohun tó fi ọjọ́ kan tọ́jú, ìdajì òwúrọ̀ ni mo fi ń jẹ ẹ́ tán. Ọjọ́ tí mo bá rí àparò pa, mo ń sun ún jẹ sí i, n ó sì ti ìyẹ́ rẹ̀ bọ inú ihò.

Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́, n ó wọlé, n ó mí kanlẹ̀ bí ẹni tí kò fẹnu kan nǹkan láti àná. Àwẹ̀ró a bù nínú tirẹ̀ kún tèmi. A ní, "Ẹni tó lọ sígbó ni kó jẹ ẹ́." N ó sì jẹ ẹ́.

Ọjọ́ tí àpò gbẹ pé. Àwẹ̀ró pè wá jọ sí ilé ìdáná tayọ̀tayọ̀, nítorí ó ti ṣírò rẹ̀ pé ohun tó wà nínú ìkòkò yóò gbé wa dé ìgbà tí iṣu tuntun yóò jáde. Ó gbé òkúta kúrò. Ó ṣí àwo. Ó wo inú ìkòkò náà pẹ́, ó sì ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, bí ẹni pé ojú òun ló ń purọ́.

Ó béèrè jẹ́jẹ́ pé, "Ta ló ṣí ìkòkò yìí?"

Mo ya ẹnu, àbí mo rò pé mo yà á. Ògiri ni mo ń wò. Kí n tó sọ ohunkóhun, Yèyé ti fọhùn.

"Àwẹ̀ró, èmi ni."

"Ẹ̀yin kẹ̀, ìyá mi?"

"Ta ni ì bá tún jẹ́? Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ ń sọ fún mi pé mo ń jẹun tán mo tún ń béèrè oúnjẹ. Ó ní láti jẹ́ pé mo ń bù ú jẹ tí mo ń gbàgbé." Ojú rẹ̀ yí sí mi. "Ọdẹ́sànyà, ọkọ ọmọ mi, èmi tí mo dá àṣà yẹn sílẹ̀, èmi náà ni mo bà á jẹ́. Dárí jì mí."

Ó sì kúnlẹ̀. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: àna mi, tí ó yẹ kí n dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún, ìyá arúgbó tí orúnkún ń dùn, ó kúnlẹ̀ fún mi. Kí lẹ rò pé mo sọ?

Mo ní, "Ẹ dìde, Yèyé. Kò burú. Mo ti dárí jì yín."

Sìfáwù, má wò mí bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀.

Láti ọjọ́ náà ni Yèyé kò ti jẹun dáadáa mọ́. Bí a bá gbé oúnjẹ sí i, yóò bu òkèlè kan, yóò sì ti àwo sẹ́yìn. "Mo ti jẹ tèmi ṣáájú," ni yóò máa wí. Ìgbàgbé gbàgbé orúkọ aládùúgbò, ó gbàgbé ọjọ́ ọjà, ṣùgbọ́n kò gbàgbé ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá. Ó ń rù, ọrùn rẹ̀ tín-ín-rín bí ọ̀pá. Àwa yòókù náà, ohun tí à ń jẹ tẹ́lẹ̀ tí ó ń tó wa, kò tó wa mọ́. A ó jẹ, a ó tún jókòó ti ebi.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ keje, oòrùn ṣì wà lójú ọ̀run, mo rí obìnrin kúkúrú kan, ó sanra rọ̀bọ̀tọ̀, ó ru ẹní lórí, ó ń jáde láti ilé ìdáná mi.

"Ìyá, ta ni yín? Kí lẹ ń wá níbẹ̀?"

"Ọ̀nà àtijáde ni mo ń wá," ló dá mi lóhùn. "Àjẹyó ni mí. Láti ọjọ́ tí Àwẹ̀ró ti kọ́kọ́ dá iná nínú ilé yìí ni mo ti ń gbé níhìn-ín. Nígbà tí ẹ̀ ń pín igbá kan jẹ, ta lẹ rò pé ó ń jẹ́ kó tó yín?"

"Kí la wá ṣe fún yín?"

Ó wo ojú mi, ó sì sọ ojú kalẹ̀ sí ẹnu mi. "Bi ẹnu rẹ léèrè," ló wí, ó sì gba ọ̀nà igbó lọ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìṣísẹ̀ díẹ̀ ló wà láàárín èmi àti Yèyé nígbà náà. Dípò kí n lọ bá a, mo gbé ìbọn mi kọ́ apá, mo sì kéde láàárín agbo ilé pé mo ń lọ mú Àjẹyó padà fún àna mi, bí ó tilẹ̀ gba ẹ̀mí mi. Àwọn èèyàn hó yèè. Wọ́n ní irú àna báyìí ṣọ̀wọ́n. Yèyé fà mí ní aṣọ, ó ní, "Nítorí ọ̀kánjúwà mi ni ìwọ yóò ṣe lọ kú, ọmọ mi?" A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, ṣùgbọ́n ohun tí mo ṣe gan-an nìyẹn.

Igbó méje ni mo là kọjá. N kò ní fi mẹ́fà dí yín lọ́wọ́, nítorí ìjà lásán ni mo jà níbẹ̀, ẹ sì mọ̀ mí níbi ìjà. Ẹbọra kan tí ojú rẹ̀ wà ní àtẹ́lẹsẹ̀, mo da iyanrìn sí ọ̀nà rẹ̀, ọ̀ràn rẹ̀ bùṣe. Ìkeje ni ẹ jẹ́ kí n sọ. Igbó Èèpo ni wọ́n ń pè é. Gbogbo ohun tí èèyàn ti dà nù láti ilé ìdáná láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ló ń gbé níbẹ̀, tí wọ́n ti di iwin: èèpo iṣu, èèpo ẹ̀gúsí, ìpẹ́ ẹja, èérún ẹ̀kọ, ìdí ọbẹ̀ tó jóná. Wọ́n yí mi ká. Olórí wọn wọ ẹ̀wù èèpo iṣu tó ń wọ́ nílẹ̀, ó sì ń rùn bí àkìtàn lẹ́yìn òjò.

Ó ní, "Ọdẹ, àlọ́ kan ṣoṣo ni owó ibodè wa. Kí ni ó kéré lọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, tó tóbi lọ́wọ́ ẹni tó ń jí i, tó sì wúwo jù lọ lórí ẹni tí kò fọwọ́ kàn án?"

Ẹ ti mọ̀ ọ́n, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Èmi náà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro ojú bí ẹni tí ìtumọ̀ pamọ́ fún.

Mo ní, "Ṣé ọmọ àgbàtọ́ ni?"

Wọ́n fi èèpo nà mí.

"Ṣé ọ̀rọ̀ àṣírí ni?"

Wọ́n tún fi nà mí. Èèpo iṣu lásán ni, ṣùgbọ́n ó ń ta mí lára bí àtòrì. Mo pe orúkọ ohun ogún, mo pe ọgbọ̀n, gbogbo ohun tó wà láyé ni mo pè, àfi ẹ̀kúnwọ́. Níkẹyìn, olórí wọn gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ fi sílẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ì bá ti ṣèèṣì kan ìdáhùn tipẹ́tipẹ́. Ẹni tó mọ̀ ọ́n nìkan ló lè yẹra fún un tó báyìí. Kọjá, ọdẹ. Ẹnu rẹ ni ibodè tí ìwọ kò tíì là."

Lẹ́yìn igbó náà ni mo dé ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Ìlú Elégungun. Egungun ẹran kan ṣoṣo ni gbogbo ìlú náà fi ń se ọbẹ̀. Ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ilé kan ló ń gbà á. Wọn ó bọ̀ ọ́, wọn ó bu omi rẹ̀, wọn ó sì gbé e fún ilé kejì pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Àwọn babańlá wọn ló pa ẹran náà. Àwọn èèyàn náà sì ń dán, inú wọn ń dùn. Mo lérí fún ọba wọn pé n ó pa àgbọ̀nrín fún wọn, ó sì mi orí.

Ó ní, "O ṣeun, àlejò. Àgbọ̀nrín yóò tó jẹ lọ́jọ́ kan. Egungun yìí tó wa jẹ láti ìgbà babańlá mi."

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, egungun sọnù. Ẹ má wò mí, ẹ̀yin èèyàn mi, kì í ṣe èmi. Ajá ló gbé e. Mo rí ajá náà lẹ́yìn ilé lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀, ọba pe ìlú jọ, mo sì rí àṣà kan tí n kò rí rí. Ọba fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ dìde.

Ó ní, "Èmi ni."

Olorì ní, "Èmi ni." Àgbẹ̀ kan ní, "Èmi ni." Ìyá kan tó gbé ọmọ pọ̀n ní, "Èmi ni, èmi àti èyí tí mo pọ̀n."

Mo fi ìgbọ̀nwọ́ gún ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Ẹ jọ̀ọ́, èwo nínú yín ni olè gan-an?"

"A kò tíì mọ̀," ló wí. "Bí nǹkan bá sọnù níhìn-ín, gbogbo wa ló ń gbà á, kí ẹni tó ṣe é má baà dá nìkan dìde. Sọ tìrẹ. Ó ti kàn ọ́."

Gbogbo ojú yí sí mi. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni. N kò sì jẹ egungun wọn. Kí ló wà níbẹ̀ kí n wí i? Ṣùgbọ́n bí mo ti fẹ́ sọ ọ́, Yèyé ni mo rí, lórí ìkúnlẹ̀, tó ń sọ ọ́ dípò mi. Mo dúró níbẹ̀, èmi tí mo ń bá ẹfọ̀n jà, omi ń bọ́ lójú mi, n kò lè wí i.

Ọba wò mí tàánútàánú. Ó ní, "Ẹni tí kò lè wí i nítorí egungun, ohun tó ti jẹ ju egungun lọ. Máa lọ, àlejò. Àwa kò ní lé ọ. Ohun tó ń lé ọ ti tó ọ."

Kò pẹ́ tí mo kúrò níbẹ̀ ni mo bá Àjẹyó. Ó jókòó lábẹ́ àpáta kan, ó ti tẹ́ ẹní rẹ̀, ó sì ń fẹ́ iná lábẹ́ ìkòkò kékeré kan.

"Ọdẹ́sànyà, o dé," ló wí, láìyí ojú padà. "Igbó mélòó lo là?"

"Méje, ìyá."

"Láti ibi tí o ń sùn dé ibi tí Ẹfúnyẹmí ń sùn, ìṣísẹ̀ mélòó ni?"

Mo ń wo ẹsẹ̀ mi. Ó ní kí n sọ ọ́.

"Mẹ́rìnlá, ìyá."

"O la igbó méje kọjá nítorí kí o má baà rin ìṣísẹ̀ mẹ́rìnlá."

Mo wó lulẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ kó bá mi padà, mo ní n ó gbé e pọ̀n bí ó bá rẹ̀ ẹ́, mo ní n ó fi awọ ẹkùn ṣe ẹní fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ikùn rẹ̀ sì ń mì.

Ó ní, "Mo sanra jù fún ẹ̀yìn rẹ. Gbọ́: kì í ṣe inú ilé ni mo ń gbé gan-an. Inú oúnjẹ tí ẹnì kankan kò fi tan ẹnìkejì jẹ ni mo ń gbé. Àná ni ìyá yẹn fẹnu kan omi gbẹ̀yìn. Bí o bá dé bá a láàyè, tí o sì wí ohun tí o mọ̀, wàá bá mi nínú àwo rẹ̀. Bí o kò bá wí i, má ṣe tún wá mi, nítorí àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Di ojú rẹ."

Mo di ojú. Nígbà tí mo là á, ẹnu ọ̀nà agbo ilé wa ni mo wà. Àwọn èèyàn ti rí mi, wọ́n ń pariwo, wọ́n ń béèrè ìwo ẹbọra. Mo rìn wọlé tààrà. Àwẹ̀ró jókòó, ó gbé orí Yèyé lé itan, ó sì gbé àwo ẹ̀kọ gbígbóná tí ó ti pò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo fi àyà kanlẹ̀.

"Yèyé, èmi ni."

"Ta nìyẹn?" Ohùn rẹ̀ ti di ohùn kòkòrò.

"Ọdẹ́sànyà ni. Èmi ni mo jẹ garí inú ìkòkò. Ẹ̀yin kò fọwọ́ kàn án rí. Láràárọ̀ ni mo ń bù ú lọ sétí odò. Ẹ kúnlẹ̀ fún mi, mo sì jẹ́ kí ẹ kúnlẹ̀."

N kò lè gbé ojú sókè wo Àwẹ̀ró. Mo gbọ́ mímí rẹ̀ nìkan.

"Kì í ṣe èmi?" ni Yèyé béèrè.

"Kì í ṣe ẹ̀yin, ìyá mi."

"Mo ti sọ ọ́!" Ó gbé orí sókè. Mi ò mọ ibi tó ti rí agbára yẹn. "Mo sọ ọ́ nínú ara mi pé èmi Ẹfúnyẹmí, tí mo fi èèpo bọ́ ọmọ mẹ́fà, n kò lè jí ẹ̀kúnwọ́! Olè! Àna olè! Ẹnu rẹ tóbi bí ẹnu ọ̀nà ọjà! Àwẹ̀ró, gbé ẹ̀kọ yẹn wá."

Ó mu ẹ̀kọ náà. Ó mu ún tán, ó fi ọwọ́ nu inú àwo, ó sì gùnfẹ̀. Gbogbo ilé gbọ́ ìgùnfẹ̀ yẹn. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Àwẹ̀ró tó bá mi sọ̀rọ̀. Gbólóhùn kan ni: "Mo ń bù nínú tèmi kún tìrẹ." Títí di òní, mo ṣì ń gbọ́ ọ létí.

Ẹ̀ ń mí ìmí ìtura. Ẹ dúró ná. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Àwẹ̀ró gbé oúnjẹ sí Yèyé, Yèyé sì ti àwo sẹ́yìn.

"Mo ti jẹ tèmi ṣáájú," ló wí. "Èmi ni mo jẹ garí inú ìkòkò."

Ìgbàgbé ti gbé ìjẹ́wọ́ mi lọ lójú oorun, ó sì fi ẹ̀bi sílẹ̀ bí ẹni jẹ ẹran tó fi egungun sílẹ̀. Mo tún dọ̀bálẹ̀. Mo tún wí i. Ó tún jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ létí rẹ̀, ojú rẹ̀ sì tún jẹ́ ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́jọ́ kejì, àti lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Òwúrọ̀ mìíràn yóò sunkún, òwúrọ̀ mìíràn yóò fi ìpọnbẹ̀ gbá mi lórí, òwúrọ̀ mìíràn yóò rẹ́rìn-ín títí yóò fi húkọ́. Lẹ́yìn náà ni yóò tó jẹun. Lọ́jọ́ kan tí mo ń kánjú, mo ní, "Yèyé, eku ló jẹ ẹ́." Ó gbà mí gbọ́, ó jẹun tán, ó sì ní ebi ṣì ń pa òun. Mo padà lọ dọ̀bálẹ̀.

Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń ṣe é. Ó ti mọ́ mi lára débi pé mo ń dọ̀bálẹ̀ kí n tó bọ́jú. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀, mo wọlé, mo fi àyà kanlẹ̀, mo wí gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo sì ń dúró de èébú. Èébú kò wá. Mo ti sọ ọ́ tán kí n tó mọ̀ pé kò sí ẹni tó ń gbọ́ mọ́.

Láti ọjọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá dẹtí ni mo ń sọ ọ́ fún, láràárọ̀, kí n tó fi ohunkóhun kan ẹnu. Ẹ̀yin ni ó kàn lónìí.